Ọdún Tí Wọ́n Rọ Kẹ̀kẹ́ Bàbá Adégbọlá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025

Dókítà obìnrin náà sọ ọ́ láìfepo-boyọ̀. Ìju mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní fibroid, ló wà nínú ilé ọmọ Ooreọ̀fẹ́ ọmọ mi, àgbà inú wọn tó ọsàn ńlá. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bí ti òkú. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà kíákíá, wọ́n á yọ ìju, wọ́n á sì fi ilé ọmọ sílẹ̀. Bí a bá ń fi falẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà báyìí, òun ò lè ṣèlérí pé ilé ọmọ náà á kù. Ó fún wa ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí.

Ooreọ̀fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní súìtì. A dé ìta, ó ní òun ò ṣe é. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́.

Mo ra ìwé yìí nígbà tí mò ń bọ̀ wálé. Bí mi ò bá kọ ọ́, màá sọ ọ́, tí mo bá sì sọ ọ́, yóò di ìjà. Ooru pọ̀. Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí pé ọjọ́ kẹta lónìí, omi inú táńkì sì ti gbóná ju èyí tí èèyàn lè fi wẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Mo lọ bá a ní Brigade, nílé ọkọ rẹ̀. Ó tún jókòó, ó ń sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ fún mi bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo bí i sínú ìjọ yẹn. Pé lórí kẹ̀kẹ́ yìí ni Bàbá Adégbọlá tó dá ìjọ wa sílẹ̀ ti gun ọ̀nà láti Zaria wá sí Kano ní 1949, tí áńgẹ́lì sì ń tì í lẹ́yìn. Pé Bàbá kú ní 1961 ṣùgbọ́n agbára wà lára irin náà títí dòní. Kí obìnrin tó ń wá ọmọ sáà bọ́ bàtà, kó gbààwẹ̀, kó tì í yípo ilé ìjọsìn lẹ́ẹ̀méje lọ́sàn-án gangan, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Abẹ ò sì gbọdọ̀ kàn án láàárín ìgbà náà.

Mo ní ilé ọmọ rẹ kì í ṣe gáréèjì.

Ó sunkún. Ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn ún dé, ibẹ̀ ni mo sì sọ ọ́ sí. Yínká ọkọ rẹ̀ ń fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, àga ni.

Kí n tó jáde ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ mọ́kànlélógún péré. If ẹ̀jẹ̀ yẹn ò bá dúró after that, màá lọ fún operation. I swear to God."

Mi ò gbà á gbọ́. Láti kékeré ló ti ń búra.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mo bẹ dókítà, ó sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin. Ó ní òun ò ní sún un mọ́. Tòmátì ti wọ́n lọ́jà, mo ra tàtàṣé nìkan.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà lábẹ́ agboòrùn oníkáàdì. Sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí kọnkéré tó lè dín ẹyin. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà lọ, ó ń kọrin, obìnrin méjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó yípo ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó dúró, ó gbé orí lé gàárì kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú.

Mo ń wò ó, mo sì ń wo kẹ̀kẹ́. Mi ò tíì wo kẹ̀kẹ́ yẹn dáadáa rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ń jókòó síwájú rẹ̀. Bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè, gun kẹ̀kẹ́ Háwíìkì fún ogún ọdún, èmi ni mo sì ń nù ún ní gbogbo Sátidé. Háwíìkì ni èyí náà, ṣùgbọ́n irin gbọọrọ ló ń fa búrẹ́kì ti bàbá mi láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀. Wáyà ló ń fa ti èyí, bíi ti àwọn kẹ̀kẹ́ tó dé lẹ́yìn.

Ara mi yá gágá. Bí kẹ̀kẹ́ yìí kò bá tíì sí láyé nígbà tí Bàbá Adégbọlá wà láyé, irọ́ ni gbogbo rẹ̀, Ooreọ̀fẹ́ á sì bọ́ sùtánà náà sílẹ̀, á gbé ara rẹ̀ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì dókítà. Ohun tí mo fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún tí wọ́n rọ kẹ̀kẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Àwọn ìyá ìjọ ló ń fọ kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá Zipporah, olórí wọn, ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣéènì tí wọ́n fi dè é mọ́ pẹpẹ. Mo lọ bá a, mo ní kí wọ́n fi mí sí i. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní ọdún méjìlá lòun ti ń gbàdúrà kí Olúwa rọ ọkàn mi. Mo ní Ó ti rọ̀ ọ́.

Mo fọ ọ́ tinútinú. Mo fi búrọ́ṣì eyín ha họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, irin àárín táyà, títí irin fi jáde. Nọ́ńbà ọdún wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú irin: 72, ìyẹn 1972. Mo dúró, mo rẹ́rìn-ín níwájú pẹpẹ. Ìyá Zipporah rò pé ẹ̀mí ló gbé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Alhaja Bushrat ọ̀rẹ́ mi ni mo lọ bá ní Ọjà Sabon Gari. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló jókòó sí, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ nígbà kan, ti ọ̀kadà ló kún ibẹ̀ báyìí. Kò sí nǹkan kan lára kẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀. Ààwẹ̀ ti gbẹ ẹnu rẹ̀, ó ní "Sannu, Tíṣà," ó fi ẹsẹ̀ ti àga sí mi.

Mo sọ nọ́ńbà họ́ọ̀bù fún un bí ẹni tó mú olè. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ wò. Tí arúgbó bá wọ bàtà tuntun, ṣé ó ti di ọmọdé nìyẹn? Họ́ọ̀bù, ẹni tó bá wù ú ló ń pààrọ̀ ẹ̀. Wáyà búrẹ́kì náà ńkọ́, èmi fúnra mi ti fi sí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ."

Inú bí mi, pàápàá nítorí pé òótọ́ ló sọ. Ó wá ṣàlàyé. Fúrémù, egungun irin rẹ̀, ni kẹ̀kẹ́, ìyókù ẹ̀wù ni. Lábẹ́ fúrémù, níbi tí irin pẹ́dààlì gbà kọjá, nọ́ńbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan. Bí lẹ́tà bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é. Bí ó bá wà níwájú, Kano níbí ni, nílé iṣẹ́ tó wà ní Bompai nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, òun gan-an wà lára àwọn tó ń tẹ nọ́ńbà náà. Ní 1970 tí wọ́n ṣílé iṣẹ́, A ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún ni lẹ́tà ń yí.

Tí lẹ́tà bá wà níwájú, mo ti borí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Ooreọ̀fẹ́ ti fọn bí igi ìṣáná. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Mo bi í bóyá áńgẹ́lì ń bá a tì í. Ó gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ láì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Mo mú ọ̀bẹ ìdáná lọ lábẹ́ ìró mi. Gbogbo ìkórè ni wọ́n ń kun kẹ̀kẹ́ yẹn ní ọ̀dà funfun, ó ti nípọn bí èèpo ẹ̀gẹ́. Mo dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé Ọlọ́run, èmi arúgbó ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mò ń họ abẹ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀dà ń bọ́ sí mi lójú. Lábẹ́ funfun, dúdú ló wà, àti ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́tà kan ti ń yọjú, E tàbí F, mi ò tíì mọ̀, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá iwájú nọ́ńbà ló wà tàbí ẹ̀yìn.

Ìyá Zipporah wọlé. Ó ní kí ni mò ń ṣe lábẹ́ ibẹ̀. Mo ní ìdọ̀tí ni mò ń yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó gbé fìlà mi tó ṣubú, ó nù ún, ó dé e padà fún mi lórí. Mo ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ ìró. Ojú ò tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Wòlíì Ṣótúndé, olórí ìjọ wa, wàásù lórí sùúrù. Iná lọ láàárín ìwàásù, a gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa ju ìgbà tí iná wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Mo rí i.

Lọ́tẹ̀ yìí mo lo ọgbọ́n tíṣà. Mo họ ìyókù kúrò kíákíá nígbà tí Ìyá Zipporah lọ pọn omi, mo gbé bébà lé ojú irin náà, mo fi pẹ́ńsùlù ra á, bí a ṣe máa ń ra owó kọ́bọ̀ sínú ìwé nílé ẹ̀kọ́. Nọ́ńbà hàn kedere: E 20417. E ló ṣáájú. Mo fi ọṣẹ ìfọyín olówó pọ́ọ́kú kan bo ojú ibi tí mo họ kó má bàa hàn. Mo ká bébà náà sínú ìró mi, inú mi ń dùn.

Ooreọ̀fẹ́ dé lọ́sàn-án fún yípo tirẹ̀, ó bá mi níbẹ̀, ó rò pé mo wá nítorí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ètè rẹ̀ ti funfun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Alhaja gbé bébà náà sún mọ́ ojú, ó ka lẹ́tà lórí ìka. "A, àádọ́rin. B, C, D. E jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ní 1974 ni wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ yìí ní Bompai, wallahi. Ó lè jẹ́ ọwọ́ Bàbá Rahmat ló tẹ̀ ẹ́." Ó fi ìka pa nọ́ńbà náà lára, ọkọ rẹ̀ ló ń rántí.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn tí Bàbá Adégbọlá ti di eruku.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò fẹ́. Ọjọ́ mélòó ló kù fún ọmọ náà? Mo ní ọ̀la ló pé. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó ṣì ń dà. Ṣé ó ní òun á lọ sílé ìwòsàn bí kò bá dúró? Mo ní ó búra.

"Haba, Tíṣà. Kí lẹ wá ń wá? Ẹ ká bébà yìí, ẹ fi sábẹ́ pílò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ dákẹ́ di Ọjọ́rú."

Mo ní Alhaja ò mọ ọmọ mi. Mo ní ó máa wá àwíjàre, àwọn ìyá ìjọ á tún fi ọjọ́ kún un fún un, ó yẹ kí n fa irọ́ náà tu láti gbòǹgbò. Gbogbo ohun tí mo sọ ló mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ìwé mi nìyí, mi ò ní í purọ́ fún un: ojú wọn ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ rí ojú Ṣótúndé nígbà tí mo bá ka ọdún náà.

Wọ́n ti rí oṣù, ọ̀la ni Sallah.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Ẹyin lọ̀rọ̀.

Wákàtí ẹ̀rí nìkan ni obìnrin lè gba máìkì nínú ìjọ wa láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ìgbà ẹ̀rí ni mo dìde. Mo ní "Ẹ bá mi yin Olúwa," torí láìsọ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní í fún ọ ní máìkì. Wọ́n ní "Halelúyà." Mo ṣí bébà, mo ka nọ́ńbà, mo ṣàlàyé lẹ́tà, mo sọ ti Bompai. Mo ní Bàbá Adégbọlá kú ní 1961. Mo ní kẹ̀kẹ́ yìí, 1974 ni wọ́n rọ ọ́. Mo ní kò gùn ún láti Zaria, kò gùn ún dé ọjà, kò tilẹ̀ rí i rí. Mo kọjú sí Ooreọ̀fẹ́ mo ní bọ́ aṣọ yẹn ká máa lọ.

Gbogbo ojú yí sí kẹ̀kẹ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi jẹ ayé.

Wòlíì Ṣótúndé dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ. Bàbá wa sùn ní 1961. Ní 1974 ni wọ́n rọ kẹ̀kẹ́ yìí." Ó wo yíká. "Ta ló wá gbé e wá síbí?"

Ìyá Zipporah ló kọ́kọ́ bú sígbe. Lẹ́yìn náà ni mi ò gbọ́ ara mi mọ́. Agogo, àtẹ́wọ́, àwọn obìnrin ń yí gbiri nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò sẹ́ni tó rà á. Kẹ̀kẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹ̀rí ni mo jẹ́, wọ́n sì fi ìlù sin ín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fi ìlù sin gbogbo ẹ̀rí. Wọ́n gbé mi jó. Èmi. Ẹnì kan da lọ́fínńdà sí mi lọ́rùn, mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bí mo ti ń kọ èyí.

Lójú ẹsẹ̀ ni Ìyá Zipporah ríran. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ti kéré sí kẹ̀kẹ́ irú èyí. Ó di ogójì. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó máa bá a lọ, kí abẹ má sì kàn án. Ooreọ̀fẹ́ ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ gbà á.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Ó wá sílé mi ní àárọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì dì mọ́ mi rí.

"Mọ́mì, ẹ ṣé. I know say ẹ ò gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí i. Tó bá jẹ́ Wòlíì ló sọ ọ́ ni, mo lè doubt. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kì í purọ́."

Mo ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ńkọ́, ó ní òun ti pe ilé ìwòsàn pé òun ò wá mọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà dínkù lánàá.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ká ní mo panu mọ́, ibẹ̀ ni ìbá wà ní wákàtí yìí. Ẹ̀jẹ̀ ò dúró lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé. Ó búra, inú ọkàn mi sì sọ fún mi pé ìbúra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni. Alhaja sọ fún mi.

Ọkọ̀ méjì dé láti Kaduna láti wá wo kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń béèrè ilé tíṣà tó jẹ́rìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin

Mo lọ bá Wòlíì nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo rò pé màá bá òpònú tàbí olè. Ó ti àga sí mi, ó fún mi ní omi tútù.

Ó ní, "Màmá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á. Ọmọ ọdún méje ni mí. Èyí tí Bàbá gùn, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, bàbá tèmi lọ ra òmíràn kí àdúrà má bàa dáwọ́ dúró. Ibi tí a bá ti pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀."

Mo ní kí ló dé tó fi sọ ohun tó sọ lọ́jọ́ Àìkú.

"Mo bèèrè ni. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ mọ̀ pé ìbéèrè kì í ṣe irọ́."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo dàgbà jù ú lọ, mo kúnlẹ̀. Mo ní kó pe Ooreọ̀fẹ́ kó sọ fún un bó ṣe sọ fún mi yìí. Ó pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí i pé ó rẹ òun náà. Ó ní tóun bá sọ ọ́ fún un, ọmọ náà yóò ní òun ń dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò ni, yóò sì sọ ogójì di ọgọ́ta. Ó ní ṣé mo fẹ́ kóun gbìyànjú. Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Mo tún gba máìkì. Mo ní mo purọ́. Èmi tí wọ́n ní n kì í purọ́, mo dúró níwájú wọn mo ní mo ṣi nọ́ńbà kà, pé kẹ̀kẹ́ 1948 ni, kẹ̀kẹ́ lásán, pé Bàbá rà á lọ́jà bí gbogbo èèyàn ṣe ń rà á, ó gùn ún, ó gbó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní "Halelúyà." Ìyá Zipporah di apá mi mú lọ síjòkòó. Ó ní ẹ̀rù ohun tí mo rí ló ń bà mí, pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe Pétérù. Ooreọ̀fẹ́ ń wò mí tàánútàánú.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹrin

Yípo karùn-ún ni ó ṣubú. Mo wà lábẹ́ agboòrùn oníkáàdì, mo sáré gba ojú ọ̀nà kọjá. Kẹ̀kẹ́ ṣubú lé e, táyà ẹ̀yìn ń yí. Sùtánà rẹ̀ ti pupa láti ìbàdí dé ilẹ̀. Obìnrin kan ní kí a má fọwọ́ kàn án, pé ó ń wẹ̀ mọ́ ni. Mo gbá a létí. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Adaidaita ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Yínká bá wa níbẹ̀ láti òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Airport Road, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ sí ìwé láìbi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó ṣe bí ọkọ.

Ó pẹ́ kí dókítà tó jáde. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ó ní ilé ọmọ ti lọ, kò sí ọ̀nà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́ dúró. Ó ní ká ní ó wá lọ́jọ́ kejì oṣù yìí ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ fún un, ìyá rẹ̀ ni. Yínká jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́rídọ̀, ó fi ọwọ́ bojú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹrin

Ó lajú. Ó béèrè ọjọ́ tí a wà. Mo sọ ọ́. Ó ka ìka.

"Mọ́mì, ó ku ọjọ́ méje. Àti three rounds ti àná. Ẹ bá mi tì í. Abeg. Kó má já."

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Èmi tí mo sọ fún bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn ikú pé àrùn yẹn ò ní í lọ, nítorí pé ó bi mí, tí mo sì gbà pé ó yẹ kó mọ̀. Mo la ẹnu, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú tó funfun yẹn. Mo ní kó sinmi, pé màá tì í.

Lọ́sàn-án mo bọ́ bàtà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo tì í yípo, méje tòní, mẹ́ta tàná. Pẹ́dààlì ń gbá mi ní ojúgun. Kọnkéré náà ń jó ju bí mo ṣe rò láti òdìkejì ọ̀nà lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin

Mo tì í. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó. Alhaja Bushrat gbé òrí wá fún mi, kò sọ pé òun ti sọ fún mi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹrin

Mo tì í. Dókítà ní ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á sọ ọ́ fúnra òun kó tó lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹrin

Ogójì pé lónìí. Gbogbo ìjọ wà níbẹ̀ fún ìsìn Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n tò sí ọ̀nà méjèèjì. Ìyá Zipporah ń da omi sílẹ̀ níwájú mi kí ilẹ̀ lè tutù. Wòlíì dúró lẹ́nu ọ̀nà, nígbàkígbà tí mo bá sì yípo dé ibẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti tún abẹ́ kẹ̀kẹ́ kùn. Lẹ́ẹ̀keje mo fi í lé wọn lọ́wọ́, mo wọ bàtà mi, mo gba Adaidaita lọ sílé ìwòsàn.

Ó ti jókòó. Ó ti jẹ kókó díẹ̀, ara rẹ̀ ti ń padà. Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ka ohun tí màá sọ sórí láti ilé bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, gbólóhùn mẹ́ta péré ni.

Ó bi mí bóyá ó pé. Mo ní ó pé.

Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ lórí bándéèjì, ó ní òun ti ń ronú orúkọ. Ó ní tó bá jẹ́ ọkùnrin kí Yínká sọ ọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ mi lòun máa sọ ọ́. Mo ní Olúfúnmilọ́lá ti gùn jù fún ọmọdé, kó wá èyí tó kúrú.